Bí Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣe Lè Wúlò Lẹ́yìn Ọgbọ̀n Ọdún: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Akọ̀wé ní Kwara Gúúsù

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, yálà ní Òmù-Àrán, ní Ṣààrẹ́, ní Ilémọ̀nà tàbí ní Òwù-Ìsin: "Ta ló fún wọn ní ilẹ̀ ọjà yìí, ọdún wo sì ni?" Àwọn tó jókòó sí ìpàdé ọjọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti dolóògbé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú agboolé, ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ní ilé ẹjọ́ àti níwájú ọ́dítọ̀, àrọ́bá kò tó. Ìwé ni wọn yóò béèrè: ọjọ́ wo ni, ta ló dá àbá, ta ló kín in lẹ́yìn, kí ni ilé (ìyẹn àwọn kánsílọ̀ tó jókòó ìpàdé) fẹnu kò sí, ta ló buwọ́ lù ú.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akọ̀wé ilé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yàrá fáìlì àti ẹ̀yin kánsílọ̀ di mú ṣinṣin. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ṣe ti akọ̀wé tó kọ ọ́, kì í sì í ṣe ti alága tó buwọ́ lù ú. Ti ará ìlú ni. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn kò ní kọ ọ́ gbúrẹ́gbúrẹ́, kò ní gbé e lọ sílé, kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ikán.

Òfin náà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 pa á láṣẹ fún gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n máa kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tò ó lọ́nà tí yóò rọrùn fún ará ìlú láti rí i. Ó tún ní kí wọ́n máa gbé àkọsílẹ̀ bí ìbò ṣe lọ nínú ìjókòó wọn síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Àwọn kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin yìí dè. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025: ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ní ti owó, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ti sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí owó bá ń bọ̀ lọ́wọ́ yín, ìpinnu lórí owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ gbọ̀ngán. Ẹ fi ìwé ìkésíni àti ètò ìpàdé ránṣẹ́ sí gbogbo kánsílọ̀ ní ọjọ́ tí òfin ìjókòó yín là sílẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́ pẹ̀lú àmì pé wọ́n gbà á. Mo mọ̀ pé WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ tẹ ìwé ìkésíni náà síta pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó lọ, kí ẹ so ó mọ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Ìpàdé tí ẹnì kan lè sọ lọ́la pé wọn ò pe òun sí, gbogbo ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Ẹ ṣe rẹ́jísítà àwọn tó wá, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àti wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni buwọ́ lù ú. Ẹ gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá dání àti ìwé òfin ìjókòó ilé, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bírò dúdú tàbí búlúù ni kí ẹ fi kọ, sínú ìwé tó ní páálí líle tí wọ́n ti di pọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé. Ìwé tí a lè fa ojú ewé kan yọ nínú rẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé tuntun, ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ láti orí èkíní dé èyí tó kẹ́yìn. Bí ojú ewé 47 bá sọnù, gbogbo ayé yóò rí i.

Nígbà tí ilé bá jókòó

Ibí ni iṣẹ́ ti tóbi jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń bàjẹ́. Akọ̀wé kan á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn, títí kan ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn, kò sì sí ẹni tó lè rí ìpinnu níbẹ̀. Òmíràn á kọ ìlà méjì péré, á ní "ilé jíròrò, ilé sì gbà." Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ohun tí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún máa nílò ni ìpinnu, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, iye owó, ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká, àti ọjọ́ tí yóò jábọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká sọ pé kánsù jókòó lórí kànga ẹ̀rọ kan tó ti dẹnu kọlẹ̀. Akọ̀wé tí kò fiyè sí i á kọ pé: "A sọ̀rọ̀ lórí kànga Àrán. Wọ́n ní kí ẹ̀ka iṣẹ́ wá nǹkan ṣe sí i kíákíá."

Àrán wo? Òmù-Àrán àti Àrán-Ọ̀rin ló wà nínú Irẹ́pọ̀dùn kan náà. Ta ni "wọ́n"? Kí ni "nǹkan"? "Kíákíá" di ọjọ́ wo? Bí owó bá jáde lórí ìlà yẹn, kò sí ọ́dítọ̀ tó lè mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú tí kò rómi mu kò ní mọ ẹni tí wọ́n á di mú.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ìpinnu 4. Ilé fẹnu kò pé kí ẹ̀ka iṣẹ́ tún ẹ̀rọ kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní Àrán-Ọ̀rin ṣe. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 800,000 náírà (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà), láti inú owó ìtọ́jú omi nínú ètò ìṣúná ọdún yìí. Ìdí: ìwé ẹ̀hónú tí àwọn ará ìlú kọ, tí a so mọ́ àkọsílẹ̀ yìí. Kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù náà dá àbá, kánsílọ̀ kan láti Òmù-Àrán kín in lẹ́yìn. Ẹni mẹ́jọ gbà, ẹni méjì kọ̀, ẹnì kan kò dìbò. Olórí ẹ̀ka iṣẹ́ yóò jábọ̀ ní ìjókòó oṣù tó ń bọ̀." Nínú ìwé yín gan-an, orúkọ àwọn kánsílọ̀ náà ni ẹ ó kọ ní kíkún, kì í ṣe oyè wọn nìkan, nítorí ẹni tó jẹ́ kánsílọ̀ lónìí lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú yìí ṣe pàtàkì fún mi gan-an, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ wa kún fún ìlú tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Òkè-Oníigbìn wà ní Ìsin, Òkè-Òde wà ní Ìfẹ́lódùn, Òkè-Òpin wà ní Èkìtì ti Kwara, Òkè-Ọ̀yì sì ni olú ìlú Ìlọrin Ìlà-Oòrùn. Ìsánlú-Ìsin wà lọ́dọ̀ wa, Ìsánlú mìíràn wà ní Kogi. Bí ẹ bá kọ "Òkè" tàbí "Ìsánlú" lásán, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la lè gbé ọ̀nà tí ìjọba ṣe fún ìlú kan lọ fún ìlú mìíràn. Ẹ kọ orúkọ ìlú tán pátápátá, kí ẹ fi wọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ààlà, ẹ kọ ohun tí a fi ń mọ ibẹ̀: odò, ilé ìwé, oríta, òpó àmì ààlà àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Igi ìrókò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí lè wó lọ́la.

Ọ̀pọ̀ ìjókòó ló jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé fi ń kọ ọ́. Ìyẹn ò ní kí ọ̀rọ̀ pàtàkì sọnù sójú ọ̀nà. Bí aṣojú ìlú kan bá dìde tó ní "àwa ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, a ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀," ẹ kọ gbólóhùn yẹn ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ tó wá kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn náà padà sí i létí kó tó jókòó.

Tí ẹ bá ń fi fóònù gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, ẹ sọ fún ilé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ọ́fíìsì ló yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe ti ara yín. Ohùn náà wà láti ran akọ̀wé lọ́wọ́, kò lè rọ́pò ìwé. Ẹ pa á mọ́ títí ilé yóò fi fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi ohùn náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́yìn ìjókòó

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ ti kọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kò ní kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́, ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni yóò kọ. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí owó tàbí ilẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè yí ìpinnu padà lẹ́yìn ilé. Ibi kan ṣoṣo tí a ti ń tún àkọsílẹ̀ ṣe ni orí ìjókòó tó tẹ̀ lé e, ní gbangba.

Bí àtúnṣe bá wà, ẹ má fi yíǹkì funfun pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la àárín rẹ̀, kí a ṣì lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, kí alága ìjókòó àti akọ̀wé fi ọwọ́ kúkúrú (lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn) àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alága àti akọ̀wé yóò buwọ́ lu ojú ewé ìkẹyìn ní kíkún, wọn yóò sì fi ọwọ́ kúkúrú sí gbogbo ojú ewé yòókù. Òǹtẹ̀ nìkan láìsí ìbuwọ́lù kò tó. Ẹ fa ìlà sí àyè òfìfo tó bá ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àyè kọ nǹkan kún un lóru.

Ìjókòó ìkọ̀kọ̀ lórí ètò ààbò tàbí ìbáwí òṣìṣẹ́ ní ìwé tirẹ̀, ó sì ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbogbò, torí bí ará ìlú bá béèrè ìwé ọ̀nà, ẹ ò ní lè fún un láìtú àṣírí ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà, rẹ́jísítà àti ìwé àtọ́ka

Gbogbo àkọsílẹ̀ ní nọ́ńbà kan tí kò ní yí padà láé. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: IRD/ILE/2025/03, ìyẹn Irẹ́pọ̀dùn, ìjókòó ilé, ọdún 2025, ìjókòó kẹta. Ìgbìmọ̀ ìnáwó, ìgbìmọ̀ kọngílá àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ ní lẹ́tà tiwọn. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sí òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, lára fáìlì, lára páálí, àti lórí orúkọ fáìlì inú kọ̀ǹpútà. Rẹ́jísítà gbogboogbò ni ẹ ó kọ gbogbo rẹ̀ sí: nọ́ńbà, ọjọ́, irú ìpàdé, iye ojú ewé, ìwé tí a so mọ́ ọn, ibi tó wà, ẹni tó gbà á lọ kà àti ọjọ́ tó dá a padà.

Ohun tí mo rí pé àwọn akọ̀wé kì í ṣe, tó sì jẹ́ òun ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, ni ìwé àtọ́ka lórí kókó ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa wá béèrè lọ́wọ́ yín pé "ẹ fún mi ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹta." Ohun tí yóò sọ ni "ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí kánsù fi ya ibùdó ọkọ̀ sọ́tọ̀ ni mò ń wá." Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ pín in sí orí kókó: Ọjà àti ibùdó ọkọ̀. Ilẹ̀ àti ààlà. Ọ̀nà àti afárá. Omi. Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́. Ọba, baálẹ̀ àti oyè. Owó orí àti àwọn owó ọjà. Lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ìpinnu kan: ìlú, ohun tí ilé pinnu, nọ́ńbà àkọsílẹ̀, ojú ewé. Bí ẹ bá ṣe é lọ́jọ́ tí ilé fọwọ́ sí àkọsílẹ̀, kò ní gbà yín ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa lè ṣe é mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní, kí ẹ sì máa padà sẹ́yìn lọ́dún kọ̀ọ̀kan bí àyè bá ṣe ń yọ. Orí "Ilẹ̀ àti ààlà" ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Bí a ṣe ń tọ́jú bébà

Ọ̀tá mẹ́rin ni bébà ní lọ́dọ̀ wa: òjò, ikán, eku àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku rẹ̀. Bébà tó ń tutù tó ń gbẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún á di ohun tó ń ṣẹ́ pọ́rọ́ pọ́rọ́.

Ẹ wá yàrá tí òrùlé rẹ̀ kì í jò, tí kò sí nísàlẹ̀ ilé ìwẹ̀ tàbí tánkì omi, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sìmẹ́ńtì tí kò là. Pẹpẹ irin dára ju ti pákó lọ fún ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì fà á kúrò lára ògiri bákan náà, torí ara ògiri ni ikán máa ń gbà gòkè, ẹ ó sì rí ipa ọ̀nà alámọ̀ rẹ̀ kó tó dé orí ìwé. Ẹ máa wo ẹ̀yìn pẹpẹ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí ipa ikán, ẹ kó ìwé kúrò kí ẹ tó pe ẹni tó ń fín oògùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fín in sórí bébà. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ kò lè lé ikán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú yàrá náà: ẹ̀wà àti àkàrà ló ń pe eku àti aáyán wá.

Pín irin máa ń dípẹtà, ó sì ń jẹ bébà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ohun tí ẹ fẹ́ pa mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, kí ẹ fi òwú funfun so ìwé náà tàbí kí ẹ kó o sínú àpò bébà líle. Ẹ má fi rọ́bà dì í, torí ooru yóò jẹ́ kí rọ́bà náà yọ́ mọ́ ọn. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, nítorí ó máa ń pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì wọnú bébà lọ. Ẹ má ṣe láminéètì sí ojúlówó àkọsílẹ̀ láé. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn gbà pé ọ̀nà ìtọ́jú tó dára jù nìyẹn, torí ó máa ń dán, omi kì í sì í wọ̀ ọ́. Àmọ́ ooru tí wọ́n fi ń ṣe é ń ba bébà jẹ́, a ò sì lè yọ ọ́ mọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe láminéètì sí bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan kọ́ ara ògiri.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀kejì sínú àpò tí a lẹ̀ pa sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Àkọsílẹ̀ kì í jáde kúrò ní ọgbà sẹ́kítéríàtì. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó jókòó kà á níbẹ̀. Alága pàápàá, ẹ̀dà ni kí ẹ fún un.

Bí òjò bá ti pa ìwé náà ńkọ́? Ẹ ní ọjọ́ méjì péré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má sá a sóòrùn, yóò ká, yíǹkì rẹ̀ á sì ṣí. Ẹ gbé e sí inú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́, ẹ fi bébà funfun tó ń fa omi sáàárín ojú ewé ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bébà ìròyìn kò dára, torí yíǹkì rẹ̀ lè ràn. Àwọn ojú ewé tó ti lẹ̀ pọ̀, ẹ má fi ipá ṣí wọn. Bí ó bá ti bu, ẹ fi ìbòmú bo imú yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ní Irẹ́pọ̀dùn yìí kan náà ni Èsìẹ́ wà, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945. Ìran tó kọ́kọ́ rí i pé ère òkúta Èsìẹ́ yẹ ní títọ́jú fún gbogbo ayé wò kò yẹ kó jẹ́ kí ikán jẹ ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọjà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àti sikáànà

Sikáànì kò túmọ̀ sí pé kí ẹ ju bébà nù. Ojúlówó tó ní ìbuwọ́lù ni yóò máa jẹ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹ fi 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe ń hàn kedere tó) ṣe é, ní àwọ̀, kí òǹtẹ̀ àti àtúnṣe lè hàn. Ẹ fi í pamọ́ bíi PDF, bó bá sì ṣeé ṣe, PDF/A tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọjọ́ ló máa kọ́kọ́ wà nínú orúkọ fáìlì: 2025-03-18_IRD-ILE-2025-03. Báyìí ni kọ̀ǹpútà yóò fi máa tò wọ́n tẹ̀léra fúnra rẹ̀. "Minutes final final 2" kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà, ẹ lò ó. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò ó, kí ẹ lo áàpù tó ń sọ àwòrán di PDF. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì wà nínú ilé kan náà. Ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀kan lórí háádì dísìkì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba mìíràn ní Ìlọrin. Fláàṣì lásán kò ṣeé gbọ́kàn lé. Àpótí ìmeèlì tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà nínú àpò tí a lẹ̀ pa. Bó bá jẹ́ ti ara akọ̀wé ni, ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ni gbogbo rẹ̀ bá a lọ.

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó ń béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ṣe sikáànì, ọjọ́ tó ṣe é, ẹ̀rọ tó lò, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìlà kan nínú rẹ́jísítà tó, yóò sì gba agbẹjọ́rò yín lọ́wọ́ wàhálà lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí ará ìlú bá béèrè

Ọjọ́ méje ni Òfin Òmìnira Ìròyìn fún yín láti dáhùn, ẹ sì lè fi méje sí i bí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an, tí ẹ bá ti kọ̀wé sọ fún un. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ má bínú sí i, ẹ má bi í ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni. Ẹ wo àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ fi bébà bo ibi tó bá kan ọ̀rọ̀ ara ẹni, bí àìsàn òṣìṣẹ́ tàbí nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ̀wé ẹ̀hónú, nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́tókọ́pì. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojúlówó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ilé ẹjọ́ ló fẹ́ ẹ, ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí pé ó bá ojúlówó mu ni wọ́n ń wá. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, kí òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà lábẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ àti ipò rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó fi ọjọ́ àti òǹtẹ̀ sí i. Ẹni tó gbà á yóò san owó tí òfin là sílẹ̀, ẹ ó sì fún un ní rìsíìtì. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kó tó fi lé ará ìlú lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni Òfin Òmìnira Ìròyìn là sílẹ̀ fún un, ó kéré tán.

Ìfàléni-lọ́wọ́, àti nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá pín

Àsìkò tí ìwé ń sọnù jù ni àsìkò tí ìjọba ń yí padà. Àwọn tó ń lọ ń kó ẹrù, àwọn tó ń bọ̀ ń kó ẹrù wọlé, páálí kan á sì bọ́ sínú mọ́tò ẹnì kan. Lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Kwara ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn alága àti kánsílọ̀ tuntun wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó tún dé, ẹ ti ka ìwé yín tán. Ẹ tẹ àkójọ rẹ́jísítà síta, kí akọ̀wé tó ń fi í lélẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á jọ ka páálí kọ̀ọ̀kan níwájú ẹlẹ́rìí, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú. Ohun tó bá ti sọnù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti sọnù. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí wọ́n bá gbé akọ̀wé kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn.

Ẹni tó bá ń wá ìwé ìlú kan ní Ìsin kí ó rántí pé 1996 ni wọ́n yọ Ìsin kúrò lára Irẹ́pọ̀dùn. Ohun tí kánsù pinnu lórí Òwù-Ìsin tàbí Òkè-Oníigbìn ṣáájú ìgbà náà, ní Òmù-Àrán ni kó ti kọ́kọ́ wá a. Ó yẹ kí Ìsin béèrè ẹ̀dà gbogbo ìpinnu tó kan ìlú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Irẹ́pọ̀dùn, kí ojúlówó dúró síbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ má fa ojú ewé ya nínú ìwé kan láti pín in fún ìjọba ìbílẹ̀ méjì. Bí ìwé tí ẹ ń wá bá sì jẹ́ ti ìgbà amúnisìn, Kàdúná ni kí ẹ lọ, kì í ṣe Ìbàdàn. Apá Àríwá ni Ìlọrin wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nítorí náà Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Kàdúná ló kó ìwé àgbègbè Ìlọrin pamọ́.

Àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé àti ti àwọn ìgbìmọ̀ kì í pẹ́ jù láti pa mọ́. Títí láé ni. Ohun tí ẹ lè dà nù lẹ́yìn tí ilé bá fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ni bébà tí ẹ fi kọ ọ́ ní pàjáwìrì, àpọ̀jù ẹ̀dà ètò ìpàdé àti ìwé ìkésíni tó ti ní ẹ̀dà kan nínú fáìlì. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ kọ àkójọ rẹ̀, kí ọ̀gá yín buwọ́ lù ú.

Ìwé tó ti wà nílé àwọn ènìyàn

Nínú yàrá bàbá wa kan tó ti ṣe akọ̀wé kánsù tẹ́lẹ̀, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú àpótí, ìwé ìpàdé lè wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jí i. Wọ́n gbé e wálé kí òjò má pa á ní ọ́fíìsì ni. Ẹ bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má mú ọlọ́pàá dání, ẹ má sọ pé bàbá wọn kó ẹrù ìjọba. Ẹ dúpẹ́ pé ó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fún wọn ní ìwé pé ẹ ti gbà á, kí ẹ kọ orúkọ bàbá náà sínú rẹ́jísítà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìwé náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà wá.

Bí ẹ bá gbà á, ẹ má kọ́kọ́ tò ó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà nínú àpótí, torí bó ṣe tò ó lè sọ ọdún tí bébà tí kò ní ọjọ́ jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí oògùn. Ẹ gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀ fún bí oṣù kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikán tàbí kòkòrò kankan wà nínú rẹ̀, kí ó tó wọ yàrá tí ìwé yòókù wà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní igun ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé àtọ́ka yín sí orí "Ilẹ̀ àti ààlà," kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.